Ìlà Tó Kù Lọ́wọ́ Múníru

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé Òṣogbo
lọ́sẹ̀ tí ọyẹ́ bo gbogbo òrùlé.
Wọ́n fi tápólì bò ó bí ẹni bo òkú àlejò,
àwọn alágbàárù rélùwéè ń bi ara wọn léèrè:
kí lèyí, tó gùn níwájú, tó kúrú lẹ́yìn?
Imú ni gbogbo rẹ̀.
Jágúà ni, àga méjì péré,
àwọ̀ rẹ̀ bí aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Oyèlàmí tó lọ kọ́ṣẹ́ afárá nílùú òyìnbó ló rà á,
kó tó tẹ́ afárá kankan.
Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní:
"Mo rí ibi tí ìyàwó máa jókòó. Ọmọ ńkọ́?"

Àwọn tó yà á lórí ìwé,
àfi bíi pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe rúlà.
Kò ní igun. Omi ì bá ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láì bèèrè ọ̀nà.
Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá iná iwájú,
ó gun èjìká, ó rọra sọ̀ sórí ilẹ̀kùn,
ó tún gbéra níbi ìdí,
ó parí síbi tí ojú kò mọ̀.
Ìlà ni mo wí, n kò wí ilà:
olóòlà kankan kò mú abẹ débẹ̀.
Bí o bá sì fẹ́ rí ẹ́ńjìnnì,
iwájú ni bọ́nẹ́ẹ̀tì ń ṣí sí,
imú á lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn á gbé sókè,
ọkọ̀ òyìnbó tó ń dọ̀bálẹ̀!
Àwa ọmọ Òkè-Baálẹ̀ á dá a lóhùn:
"Dìde, o káre."

Ọ̀nà Ìkìrun ni ewúrẹ́ kan ti já wọ títì.
Ewúrẹ́ yè. Ọkọ̀ wọ kòtò,
èjìká ọ̀tún rún bí páálí sìgá.
Wọ́n kọ lẹ́tà sí Kófẹ́ńtìrì;
lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, iye tí wọ́n pè tó owó ilé.
Ni Múníru Láwọyin, pánẹ́ẹ̀bítà Òkè-Fìà, bàbá mi,
tí kò tíì lu ohun tó ju máàdìgáàdì lọ́rì lọ,
bá ní kí wọ́n gbé e wá.

Ó di ojú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ka èjìká òsì
bí afọ́jú tí ń ka ojú ọmọ rẹ̀.
Ọjọ́ mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ló tó gbé òòlù.
Àpò iyanrìn. Kùkùté ìrókò tó gbẹ́ kòtò sí lórí.
Kò, kò, kò, títí ilẹ̀ fi ṣú;
ìyá mi ní òòlù yẹn wọ inú àlá òun.
Nígbà tó parí, Oyèlàmí lọ sápá òsì,
ó lọ sápá ọ̀tún, ó bú sẹ́rìn-ín:
kò mọ èyí tí òyìnbó ṣe.
(Èmi mọ̀. Ti bàbá mi fi eékánná kan ga jù.
N kò sọ fẹ́nì kan.)

Ọkọ̀ náà ti lọ. Oyèlàmí kú,
ẹnìkan sanwó láti Ìbàdàn, ó fi tírélà gbé e.
Bóyá ó ń dán nínú gáréèjì kan,
bóyá ó ti dógùn-ún.
Ìlà yẹn kò bá tírélà lọ.
Mo rí i lára ọkọ̀ èrò Ìlobùú,
mo rí i lórí géètì Súbérù ní Gbọ̀nmi,
àti lára ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń gbé òkú,
gbọọrọ, bí ẹni tó ṣì ń kánjú.

Lánàá mo gbé ata lọ lọ̀ ní Ìgbọ̀nà.
Ẹnu ẹ̀rọ yẹn, iṣẹ́ bàbá mi ni,
bàbá tó ti kú láti ogún ọdún.
Tòmátò ń sọ̀ kalẹ̀ létí rẹ̀, kò há níbi kankan.
Mo di ojú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án.
Ọmọ tó ń lọ ata pariwo:
"Màmá, ẹ yọwọ́! Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́."